Mọ́tò Tó Ń Jó Bíréènì

Ọjọ́ Ajé, 6 Oṣù Kẹwàá 2025. Ìkẹ́nnẹ́.

Bíréènì mọ́tò, ẹ̀rọ tó ń darí ẹ́ńjìnnì, tún ti jó. Ẹlẹ́ẹ̀kejì nìyí.

Mo kó èrò láti Ṣàgámù láàárọ̀, òṣìṣẹ́ yunifásítì ló pọ̀ jù nínú wọn. A ò tíì kọjá Ìkẹ́nnẹ́ tí ẹ́ńjìnnì fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú. Èéfín dúdú lẹ́yìn, òórùn epo níwájú. Ìyá kan tó jókòó lẹ́yìn mi ní, "Dírébà, ṣé ibi iṣẹ́ lẹ ń gbé wa lọ àbí ibi ìsìnkú?" Mo dá owó kálukú padà, mo sì pe ọ̀kadà fún àwọn tó ń kánjú. Ojú tì mí. Mi ò sì fẹ́ràn kí ojú máa tì mí láàárọ̀.

Ridwanullah, rewáyà tó ń bá wa tún iná mọ́tò ṣe, wá bá mi lójú títì. Ó yọ wáyà kúrò lórí nọ́súlù kẹta, èyí tó ń fín epo sínú ẹ́ńjìnnì, ó sì so gílóòbù kékeré rẹ̀ mọ́ wáyà náà. Ó yẹ kí iná yẹn máa ṣẹ́jú. Kò ṣẹ́jú. Ó kàn tàn, ó ń wò wá. Ìyẹn ni pé ohun tó ń ṣí nọ́súlù tó sì ń tì í nínú bíréènì ti jó lẹ̀ mọ́ra, nọ́súlù ṣí sílẹ̀ gbayawu, epo sì ń ya wọlé bí omi ẹ̀rọ tí wọn ò tì.

"Ọ̀gá, dírébà nọ́súlù ló tún lọ."

"Dírébà wo?"

"Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Dírébà nọ́súlù."

"Gbogbo dírébà tí mo bá gbà ló ń sá fún mi."

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Bíréènì yìí kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ tó ṣe mọ́tò. Èyí tó bá ẹ́ńjìnnì wá láti Jàpáàn ti tì mọ́ kọ́kọ́rọ́ tí kò tẹ̀ lé e wá, ni Ellen, ìyàwó mi, bá ra irú èyí tí èèyàn lè fi kọ̀ǹpútà tò bó ṣe fẹ́, ó fi ránṣẹ́ láti Hull nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó fi súẹ́tà méjì wé e. Súẹ́tà, ní Ìkẹ́nnẹ́. Ẹlẹ́ẹ̀kejì tó rà nìyí; èkíní ti jó kọjá àtúnṣe.

Jẹ́ kí n kọ ohun tó wà nílẹ̀ síbí, kí n má bàa máa tan ara mi. Kọ̀ǹtíráàtì ìyàwó mi nílé ìtọ́jú arúgbó ń parí lópin oṣù tó ń bọ̀. Àdéhùn wa nìyí: bí mọ́tò bá ń rìn déédéé, tó lè gbọ́ bùkátà àwa méjèèjì, kò ní sọ kọ̀ǹtíráàtì dọ̀tun, á máa bọ̀ nílé. Bí kò bá rìn, á tún tọwọ́ bọ̀wé. Ọ̀rọ̀ ò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìṣẹ́gun, 7.

Òjò látàárọ̀. Mọ́tò wà ní ṣọ́ọ̀bù Ridwanullah ní Ṣàgámù. Mo jẹ búrẹ́dì àti ẹyin. Mo ti ń jẹ ẹ́ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

Ọjọ́bọ̀, 9.

Ellen pè ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn iṣẹ́. Kó tó rìnrìn àjò, láàbù físíìsì ló ti ń ṣiṣẹ́, nítorí náà òun lọ̀gá èmi àti Ridwanullah lórí ọ̀rọ̀ iná. Mo gbé fóònù lé etí bọ́nẹ́ẹ̀tì kó lè máa rí ohun tí à ń ṣe.

"Ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí."

"Ridwan, ṣé o ti jẹun? Ọ̀gá ẹ kì í rántí pé èèyàn ń jẹun."

"Àǹtí, ẹ ṣáà máa bọ̀."

"Bánjọ, gbé e sún mọ́ ibẹ̀. Kì í ṣe ojú ẹ, ojú mítà."

"Ojú mi ń kọ́?"

"Mo mọ ojú ẹ."

Ó ní kí a gbé nọ́súlù kẹta sí ipò èkíní, kí a gbé èkíní sí ipò ẹ̀kẹta. A ṣe bẹ́ẹ̀. Àìsàn náà ò bá nọ́súlù lọ, ipò kẹta ló jókòó sí. Ó já sí pé bíréènì ló jó, nọ́súlù ò jẹ̀bi. Ó ní kí a fi mítà wọn nọ́súlù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin síbẹ̀síbẹ̀.

"Báwo ni?"

"Wọ́n dọ́gba," ni mo wí. "Kò sí èyí tó yàtọ̀."

"Ó dáa. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀."

A fi wọ́n sílẹ̀.

Nígbà tí Ridwanullah lọ kírun, àwa méjèèjì ò pa fóònù. Ellen ń jẹ ẹ̀wà inú agolo, ó ní ó dùn. Irọ́ ni. Kóòtù òtútù rẹ̀ wà lára ilẹ̀kùn lẹ́yìn rẹ̀. Mo ń wo kóòtù yẹn ju bó ṣe yẹ lọ. Kóòtù ń rí i lójoojúmọ́.

A sọ̀rọ̀ títí bátìrì fóònù mi fi kú. Gbogbo rẹ̀, ọ̀rọ̀ wáyà ni.

Ọjọ́ Ajé, 13.

Ridwanullah tú bíréènì, ó yọ tìráńsísítọ̀ tó jó, ó jó òmíràn tí wọ́n rà wá láti Èkó mọ́ ojú rẹ̀. Ó ṣiṣẹ́. Gílóòbù ń ṣẹ́jú bó ṣe yẹ.

Epo ti di ẹgbẹ̀rún naira ó dín díẹ̀ lítà kan níbi tí mo ti rà á. Mi ò lágbára ìbínú méjì lẹ́ẹ̀kan.

Mo lọ sọ fún Alhaja Ṣùkúrátù pé mọ́tò ti dìde. Obì rẹ̀ ni mo máa ń kó lọ́sàn-án, láti Ipara àti Ìlárá wá sí Ṣàgámù. Ó wà nídìí obì, ó ń ṣa èyí tí kòkòrò ti wọ̀ sọ́tọ̀, kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Bánjọ, mọ́tò rẹ dà bí ọkọ mi àtijọ́. Bó bá ti ní òun ti yíwà padà, màá kàn máa ka ọjọ́."

"Alhaja, ẹ dán an wò."

"Mo ti dán ọkọ wò. Èmi ló kù ní Ṣàgámù, òun ló wà ní Kótónù. Wá kó ẹrù lọ́la."

Ọjọ́rú, 15.

Ó rìn. Ṣàgámù sí Ìlíṣàn láàárọ̀, Ipara lọ́sàn-án, kò kọsẹ̀.

Mo pe Ellen. "Ó ń rìn." Ó ní, "A dúpẹ́." Mo ní ẹ́ńjìnnì ò gbóná. Ó ní ó dáa. Ó ní òun máa sùn díẹ̀, iṣẹ́ alẹ́ lòun ní. Ìpè náà kò tó ìgbà tí omi máa fi hó.

Mo ṣì di fóònù mú fúngbà díẹ̀. Ó yẹ kí inú mi dùn.

Ọjọ́ Ẹtì, 17.

Ó tún jó. Ipò kejì lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe ẹ̀kẹta.

Aago méjìlá ó lé ni. Mo pe Ridwanullah, ó ní òun ń lọ Jímọ̀. Nígbà tó fi máa dé, èmi náà ti ń wo oòrùn, nítorí Sábáàtì ń wọlé bó bá ti wọ̀. Jímọ̀ tirẹ̀ gba ọ̀sán, Sábáàtì tèmi gba ìrọ̀lẹ́ àti ọjọ́ kejì. Nílé ẹ̀kọ́ okòwò wọ́n kọ́ mi bí mo ṣe máa pín ọjọ́ iṣẹ́. Wọn ò kọ́ mi ohun tí mo máa ṣe bí kò bá kù èyí tí mo máa pín.

Àìkú, 19.

Ìpàdé orí fóònù, àwa mẹ́ta. Mo la ètò sílẹ̀: kí kálukú sọ ohun tó fura sí, ká yẹ̀ ẹ́ wò, ká fa igi lé e bí kò bá jẹ̀bi.

Ridwanullah fura sí wáyà tó so bíréènì mọ́ ara mọ́tò. A fi méjì kún un. Ellen fura sí ọlitánétọ̀, bóyá iná tó ń mú wá ti pọ̀ jù. A wọ̀n ọ́n, iná rẹ̀ dáa. Èmi fura pé bíréènì fúnra rẹ̀ ló jẹ́ ayédèrú. Inú Ellen ò dùn sí ìyẹn.

"Èmi ni mo rà á, Bánjọ. Mo ka gbogbo ohun tí àwọn tó ti lò ó sọ."

"Ó ti jó nígbà méjì."

"Ẹ̀yin lẹ jó o."

"Àwa tí à ń làágùn nídìí rẹ̀?"

"Ẹ kú òógùn. Màá ra òmíràn. Ẹ̀gbọ́n ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ń bọ̀ wá sí Nàìjíríà."

Ridwanullah ń dọ́gbọ́n wo ibòmíràn. Ó mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ kì í ṣe ti wáyà mọ́.

Ọjọ́rú, 29.

Bíréènì tuntun dé. Gèlè rẹ̀ ni Ellen fi wé e, èyí aláwọ̀ ewé tó máa ń wé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo tú u pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ nítorí bíréènì.

Kì í ṣe nítorí bíréènì. Òórùn òróró irun rẹ̀ ṣì wà nínú gèlè náà. Mo ká a, mo kó o sínú ọ̀rá kí òórùn má bàa fò lọ. Bí ẹlòmíì bá ṣe irú èyí, màá ní kó wá iṣẹ́ ṣe.

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kọkànlá.

Bíréènì tuntun ti wọlé. Ó rìn dáadáa. Òjò ti ń lọ sílé, eruku ti bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó sórí dáṣíbọ́ọ̀dù.

Ọjọ́bọ̀, 6.

Ó ń rìn. Mo gbà láti kó obì Alhaja lójoojúmọ́ títí ọdún á fi parí. Mo kun yàrá. Mo ra bẹ́ẹ̀dì tuntun, nítorí ti tẹ́lẹ̀ ní ibi tó ti wọlẹ̀ ní apá kan ṣoṣo. Mi ò sọ fún Ellen. Mo fẹ́ kó bá a bẹ́ẹ̀.

Ó pè, ó béèrè mọ́tò. Mo ní ó ń rìn. Ó ní ṣé ó dá mi lójú. Mo ní bó bá fi lè rìn dé ogúnjọ́, ọ̀rọ̀ ti parí, kó bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù.

"Bó bá rìn," ló wí.

"Á rìn."

"Ó dáa, ọ̀gá."

Ó máa ń pè mí ní ọ̀gá nígbà tí nǹkan kan bá ń dùn ún. Mo rí i, mi ò béèrè. Mo ní ẹrù láti kó.

Ọjọ́ Ẹtì, 14.

Ìlárá. Ẹrù obì kún inú mọ́tò, òjò àìròtẹ́lẹ̀ ń ṣú, mo sì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Bíréènì kẹta ti jó. Ipò èkíní àti ẹ̀kẹrin pa pọ̀. Bíréènì tuntun!

Ridwanullah wà ní Jímọ̀. Obì kò fẹ́ ooru, kò sì fẹ́ òjò. Mo bẹ ẹnìkan tó ń kó pákó kọjá kó bá mi gbé e lọ sí Ṣàgámù, mo tẹ̀ lé e lórí ọ̀kadà, òjò pa èmi, kò pa obì. Alhaja wò mí láti òkè délẹ̀, kò tilẹ̀ bú mi. Ó ní, "Lọ pààrọ̀ aṣọ." Èébú ì bá sàn.

Nígbà tí mo délé, oòrùn ti ń wọ̀. Ìránṣẹ́ Ellen ti wà lórí fóònù látàárọ̀: *Àwọn ará ibi iṣẹ́ fẹ́ ìdáhùn kí ọ̀sán ọ̀la tó kọjá. Kí ni mo máa sọ fún wọn?*

Mo tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ọwọ́ tó tutù: *Ó tún ti jó. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Ṣe ohun tó bá wù ẹ́.*

Mo pa fóònù, mo jù ú sínú dúrọ́ọ̀. Sábáàtì wọlé.

Àìkú, 16.

Mo tan fóònù lánàá nígbà tí Sábáàtì parí. Ìpè Ellen kún ojú rẹ̀, ọ̀kan lórí èkejì. Mo pè é.

"Mo pè ẹ́," ló wí.

"Sábáàtì ni. O mọ̀."

"Mo mọ̀. Mo mọ̀ pé inú dúrọ́ọ̀ ló wà. Mo ṣì ń pè é."

"Ellen, mọ́tò ni mò ń bá wí. Mọ́tò ló sú mi."

"'Ṣe ohun tó bá wù ẹ́.' Kí ni mọ́tò fẹ́ fi ìyẹn ṣe, Bánjọ?"

"O mọ̀ pé mo fẹ́ kí o wá."

"Mi ò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mọ́tò á rìn, màá wá, mọ́tò ò rìn, mi ò ní wá. Bí ẹni ń gba ọjà wọlé. Gbogbo ìgbà tí mo bá pè, mítà lò ń fi hàn mí. Mò ń dúró kí o sọ pé, Ellen, máa bọ̀, ká tilẹ̀ máa fẹsẹ̀ rìn."

Ohun tó wá jáde lẹ́nu mi ni, "Ṣé o ti dá wọn lóhùn?"

"Ọdún kan sí i."

Mo ní ṣé kò ṣeé yí padà. Ó ní kò ṣeé yí padà. Mo ní ta ni ọ̀gá níbẹ̀, ta ni mo lè bá sọ ọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dáa.

"Ṣé wàá bá wọn ṣe mítíìnì ni?"

Lẹ́yìn náà ó ní òtútù ń mú òun, òun fẹ́ lọ dùbúlẹ̀.

Bẹ́ẹ̀dì tuntun yẹn ga jù. Mo ń sùn lórí àga.

Ìṣẹ́gun, 18.

Kò pè. Èmi náà ò pè. Kò sí ohun tí mo fẹ́ wọ̀n fún un.

Ọjọ́bọ̀, 20.

Ridwanullah wá bá mi nílé. Mo sọ fún un pé kó ta ẹ́ńjìnnì fáwọn onírin. Ó jókòó láìjẹ́ pé mo ní kó jókòó.

"Bọ̀dá Bánjọ, ẹ má bínú. Ṣé torí Àǹtí la ṣe ń tún mọ́tò ṣe àbí torí mọ́tò?"

"Kí ló kàn ẹ́ níbẹ̀?"

"Ó kàn mí. Bíréènì mẹ́ta ló jó lọ́wọ́ mi. Àwọn rewáyà Ṣàgámù ti ń pè mí ní Alásun."

Mo rẹ́rìn-ín, kò tilẹ̀ sí nínú ètò mi. Mo wá ronú bí ó ṣe yẹ kí n ti máa ronú látọjọ́ yìí. Bíréènì mẹ́ta, ipò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, òpin kan náà. Ohun tó bá ń jó ẹ̀rọ mẹ́ta kò sí nínú ẹ̀rọ. Ó yẹ ká dẹ́kun ìméfò inú òkùnkùn. Ká wá irú ẹ́ńjìnnì yìí tó ṣì wà nínú mọ́tò tí wọ́n bí i sí, tẹ́nikẹ́ni ò gé, ká fọwọ́ tọ wáyà rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ká wo ohun tí tiwa ò ní.

"Ó wà," ni Ridwanullah wí. "Mo ti rí i ní Ìlíṣàn. Dókítà Dámisọ́lá tó ń kọ́ wọn ní ìmọ̀ oúnjẹ ní yunifásítì. Ṣùgbọ́n obìnrin yẹn kì í jẹ́ kí èèyàn fara ti mọ́tò ẹ̀."

Àìkú, 23.

Dókítà Dámisọ́lá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀, ó sì dúró tì wá pẹ̀lú agbòòrùn bí ẹni tó ń ṣọ́ ìdánwò.

"Ojú lẹ fi ń wò o, ẹ̀yin arákùnrin. Ọwọ́ kọ́."

"Dókítà, wáyà la fẹ́ tọ̀."

"Ẹ fi ojú tọ̀ ọ́."

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ìka kan péré," ni Ridwanullah bẹ̀ ẹ́.

Ó ronú sí i. "Ìka kan. Èmi náà á máa wò ó."

Ridwanullah fi ìka kan tọ wáyà láti orí nọ́súlù wá sẹ́yìn. Nínú tiwa, wáyà iná ti ibi kọ́kọ́rọ́ lọ tààrà sórí nọ́súlù. Nínú tirẹ̀, ó yà. Ó lọ sára ògiri ẹ́ńjìnnì, ó wọ inú páálí irin kékeré kan tó ní eegun bí ìhà ẹja, ó tún jáde, kó tó lọ sórí nọ́súlù.

"Kí nìyí?" ni mo bi í.

Ó ti mọ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú, Dókítà sì ní, "Kí ló dé? Ṣé mọ́tò mi ti bàjẹ́ ni?"

"Rárá mà. Tiwa ló bàjẹ́."

Rẹsísítọ̀ ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún nọ́súlù kọ̀ọ̀kan. Ó ń dín iná kù kó tó débẹ̀. Irú nọ́súlù tí a ní ń fa iná bí ọ̀mùtí, láìsí páálí yẹn, gbogbo ohun tí wọ́n bá fa, orí bíréènì ló ń wọ̀. Páálí náà kì í sì í ṣe ara ẹ́ńjìnnì. Bọ́dì mọ́tò ni wọ́n dè é mọ́. Nígbà tí àwọn ará Ládípò, ọjà ẹ̀yà mọ́tò ní Èkó, gé ẹ́ńjìnnì wa kúrò nínú mọ́tò tó bá a wá, wọ́n tà á fún wa pẹ̀lú jíà, pẹ̀lú bíréènì, pẹ̀lú wáyà tí wọ́n gé tí wọ́n sì so pọ̀ dáadáa. Páálí jókòó sára bọ́dì, ó bá bọ́dì lọ sọ́dọ̀ onírin. Kò sẹ́ni tó jalè. Kò sẹ́ni tó bèèrè ni.

A dé ṣọ́ọ̀bù, a fi mítà wọn nọ́súlù wa. Òómù méjì lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó kéré jù láti dá iná dúró. Wọ́n dọ́gba lóòótọ́. Nígbà yẹn, dídọ́gba ni mo kà fún Ellen, mi ò ka iye. Kò sì sẹ́nìkankan nínú àwa mẹ́ta tó bèèrè pé kí ni wọ́n fi dọ́gba.

Mo ya fọ́tò mítà, mo fi ránṣẹ́ sí i. Mi ò kọ nǹkan kan sí i. Ó fèsì kíákíá: *Òómù méjì! Áńpíà méje nìyẹn lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bíréènì yẹn ò lè gbé ju mẹ́rin lọ. Ah, Bánjọ.*

Mo ka "Ah, Bánjọ" yẹn lọ́pọ̀ ìgbà. Mi ò mọ ohùn tó fi sọ ọ́.

Ìṣẹ́gun, 25.

Ridwanullah rí páálí náà lọ́dọ̀ onírin kan. Ẹni tó tà á rò pé ara rédíò ni. Iye tó gbà kò tó owó oúnjẹ ọ̀sán àwa méjèèjì. Ó dè é mọ́ra, ó so wáyà, ó tún bíréènì ṣe. Ó wọn iná: kò tó áńpíà méjì mọ́. A jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ títí wọ́n fi pe ìrun ìrọ̀lẹ́. A fọwọ́ kan bíréènì. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lásán.

"Alásun ti kú," ni Ridwanullah wí. "Ẹ máa pè mí ní Ridwanullah."

Mo fi ránṣẹ́ sí Ellen pé ó ti tán. Ó dáhùn: *A dúpẹ́.*

Ọjọ́ Ajé, 1 Oṣù Kejìlá.

Ọyẹ́ ti ń fẹ́ díẹ̀díẹ̀ láàárọ̀. Ètè mi là. Mọ́tò ń rìn. Alhaja ti tún gbé iṣẹ́ obì lé mi lọ́wọ́, ó ní òun ń fojú sọ́nà fún ìgbà tí mo máa tún wá pẹ̀lú aṣọ tútù.

Ó béèrè ìgbà tí ìyàwó ń bọ̀. Mo ní ó di ọdún tó ń bọ̀, lápá ìparí rẹ̀. Ó ń ṣa obì lọ.

"O sọ pé torí rẹ̀ lo ṣe ń tún mọ́tò ṣe."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Alhaja."

"Òun náà mọ̀?"

Mo kó ẹrù. Mo ní ẹrù láti kó.

Ọjọ́bọ̀, 4.

Ó ń rìn. Kò sí ohun tí mo fẹ́ kọ. Mo rò pé bí mo bá tú wáyà ọ̀kan péré, á pè mí, a ó sì sọ̀rọ̀ títí bátìrì á fi kú. Mo dúró síwájú bọ́nẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú èrò yẹn, èmi tó ní oyè nínú ìṣàkóso okòwò. Mo ti bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Ìṣẹ́gun, 9.

Mo já èrò sílẹ̀ ní Ìlíṣàn láàárọ̀, mo páàkì sábẹ́ igi, mo sì pe Ellen. Mo mọ̀ pé àkókò oúnjẹ àárọ̀ àwọn arúgbó rẹ̀ ni, mo mọ̀ pé kò yẹ kí n pè. Mo gbọ́ ariwo àwo àti ṣíbí lẹ́yìn rẹ̀. Ó ń mí bí ẹni tó sáré.

"Kí ló tún jó?"

"Kò sí nǹkan tó jó."

"Nọ́súlù ń kọ́? Ṣé èéfín ń jáde?"

"Kò sí èéfín. Ó ń rìn dáadáa. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ já èrò ni."

"Bánjọ, mo wà lẹ́nu iṣẹ́. Kí lo wá fẹ́?"

Mo ti múra ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láti ilé. Mo ti tò ó: yàrá tí mo kùn, bẹ́ẹ̀dì, bí ọdún kan kò ṣe pọ̀, àǹfààní tó wà níbẹ̀. Kò sí ọ̀kan tó jáde.

"Ìwọ ni."

Arúgbó kan ń pe orúkọ rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn, kò dá a lóhùn.

"Kí lo sọ?"

"Ìwọ ni mo fẹ́, Ellen. Mọ́tò ò sí níbẹ̀."

"Nẹ́tíwọọ̀kì ò dáa," ló wí, ohùn rẹ̀ sì ti yí. "Tún un sọ."

Nẹ́tíwọọ̀kì dáa gan-an. Mo tún un sọ.